Ṣé Síńkì àti Kálísíọ́mù Lè Fọ Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀?

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá síbí lónìí, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá bá yín sọ kò fara sin. Ẹnì kan wà tí kò ṣàìsàn, ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un, wọ́n ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ máa gòkè. Ṣé kó lọ ra síńkì, kálísíọ́mù, magnẹ́síọ́mù tàbí krómíọ́mù, kó máa lò ó kí ọ̀rá náà lè wálẹ̀? Iṣẹ́ apòògùn ni mò ń ṣe, ìbéèrè yìí sì ni mo ń gbọ́ ṣáá látìgbà àrùn Kòrónà, nígbà tí síńkì di ohun tí gbogbo ilé ń rà pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdáhùn mi ná, kí n tó wá ṣàlàyé rẹ̀. Bí èròjà kan ò bá dín nínú ara yín, ẹ lè kó o jẹ títí, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín kò ní torí ẹ̀ wálẹ̀ débi tó máa ṣe yín láǹfààní. Síńkì tó bá sì pọ̀ jù lè ba apá tó dára nínú ọ̀rá náà jẹ́. Ẹni tí èròjà kan ṣàìtó sí lára àti ẹni tó tó sí lára, ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kóró oògùn kan náà kì í ṣe iṣẹ́ kan náà lára àwọn méjèèjì. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú lọ sílé.

Ọ̀rá tí à ń wí yìí, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe ọ̀tá ara. Òun wà lára ohun tí ara fi ń mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì, òun ló fi ń ṣe hòmóònù ọkùnrin àti ti obìnrin, òun náà ni ẹ̀dọ̀ fi ń pèsè omi òróòro tó ń bá wa da oúnjẹ ọlọ́ràá. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí à ń jẹ kò tó ìyẹn. Nítorí pé ọ̀rá kì í bá omi pò, kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn purotéènì kan ló ń gbé e kiri. Méjì nínú àwọn agbérù yìí ni LDL àti HDL. LDL ń gbé e láti ẹ̀dọ̀ lọ sí ìyókù ara. Bí LDL bá pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa wọ inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, á máa ṣù jọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ti ń wá. HDL ní tirẹ̀ ń ṣa èyí tó bá ṣẹ́ kù padà lọ sí ẹ̀dọ̀. Torí náà, bí láàbù bá fún yín ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ẹ béèrè ìyókù. Ẹ sì wo ìwọ̀n tí wọ́n fi kọ ọ́. Bí láàbù kan bá kọ 200 tí òmíràn kọ 5.2, ọ̀kan náà ni wọ́n wí: èyí àkọ́kọ́ ń ka mìlígíráàmù nínú dẹ̀sílítà kan, èkejì ń ka mìlímóòlù nínú lítà kan. Mo ti rí ẹni tó rò pé ọ̀rá òun ti já wálẹ̀ tán, láìmọ̀ pé láàbù ló yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí síńkì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù.

Lọ́dún 1980, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ JAMA gbé ìwádìí kékeré kan jáde. Ọkùnrin 12 ni wọ́n lò, ara gbogbo wọn ló le. Wọ́n ń fún wọn ní síńkì sọ́fétì 440 mìlígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 5, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ, àti lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn kò yí padà. LDL kò yí padà. HDL ló já, láti 40.5 sí 30.1. Ìdá 25 nínú 100 ló lọ yẹn. Ẹ rò ó wò: ká ní àpapọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò, wọn ì bá ní kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé síńkì yẹn ti pọ̀ jù, ta ló ń lo irú ẹ̀? Ó tọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà fi dín in kù. Ní 1988, wọ́n gbé èsì jáde lórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n fún ní síńkì 50 tàbí 75 mìlígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. HDL ṣì wálẹ̀. Àwọn tó ń lo 75 ló kọ́kọ́ kàn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo 50. Lẹ́yìn náà, ní 2010, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kan náà. Nígbà tí wọ́n da gbogbo ènìyàn pọ̀, ó dà bí ẹni pé síńkì kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n wá ya àwọn tí ara wọn le sọ́tọ̀, wọ́n rí i pé HDL tiwọn dín ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Lára àwọn tó ń ṣàìsàn, àwọn alátọ̀gbẹ àti àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ńṣe ni HDL ń gòkè. Oògùn kan náà ni o. Ẹni tó lò ó ló yàtọ̀.

Báwo ni síńkì ṣe ń dé ibẹ̀? Bàbà ni ọ̀nà tí ó ń gbà, bàbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ yìí náà, èyí tí ara ń lò ní bíńtín. Bí síńkì bá pọ̀ nínú ìfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní metallothionein. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di irú àwọn èròjà báyìí mú. Síńkì ló mú kí ara ṣe é, ṣùgbọ́n bàbà ló máa ń dì mú jù. Sẹ́ẹ̀lì ìfun kì í sì í pẹ́ láyé, láàárín ọjọ́ mélòó kan á re dànù, bàbà tó wà nínú rẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde. Bí ẹni náà bá ń lo síńkì lọ lójoojúmọ́, bàbà á máa ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láìmọ̀. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Leslie Klevay, ní ilé ìwádìí oúnjẹ ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Grand Forks, ti ń pariwo ọ̀rọ̀ síńkì àti bàbà yìí láti ọdún 1973. Ní 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n dín bàbà kù nínú oúnjẹ rẹ̀: kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ gòkè.

Mo fẹ́ ṣe òdodo níbi yìí. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti HDL wálẹ̀ ló máa fa àrùn ọkàn dandan, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá gbé e sókè ló ń gbani. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Pfizer dá oògùn kan tó ń jẹ́ torcetrapib dúró. HDL àwọn tó ń lò ó ń gòkè gidigidi, ṣùgbọ́n àwọn tó kú nínú wọn pọ̀ ju àwọn tí kò lò ó lọ. Nọ́ńbà inú ìwé láàbù kọ́ ni ẹ̀mí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra síńkì torí ọ̀rá, kí ló fẹ́ fi ohun tó ń tì í sẹ́yìn ṣe? Àìtó bàbà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀jẹ̀ á máa gbẹ lára, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà á dín kù, ẹsẹ̀ lè kú tipiri kí ìrìn má gún mọ́. Bàbà yìí gan-an ni ìgbìmọ̀ onímọ̀ Amẹ́ríkà rò nígbà tí wọ́n dá ààlà ní 2001 pé kí àgbàlagbà má lo ju síńkì 40 mìlígíráàmù lọ lójúmọ́, àtoúnjẹ àtoògùn. Ohun tí ara nílò kò tó ìyẹn rárá: 11 fún ọkùnrin, 8 fún obìnrin tí kò lóyún, tí kò fún ọmọ lọ́mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìgò mẹ́ta tí mo kó sórí tábìlì yìí. Irú ẹ̀ wà nínú náílọ́ọ̀nù ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wá bá mi. Ìgò kìíní, síńkì sọ́fétì 220 mìlígíráàmù ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà-gàdàgbà. Síńkì gan-an tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 50, ìyókù jẹ́ sọ́fétì àti omi tó bá a dì. Wọ́n kọ 50 yẹn sẹ́yìn pẹ̀lú lẹ́tà kíkéré. Ìgò kejì ni fítámì C tí à ń jù sínú omi tó ń hó yàà, síńkì 10 wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mọ́ltífítámì, 15 ló wà nínú tirẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó gbé ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kó ro wọ́n pọ̀. Ẹ bá mi rò ó: 75. Bẹ́ẹ̀, ẹran, edé àti ẹ̀wà tí ẹ jẹ láàárọ̀ ò tí ì sí níbẹ̀. Ìwọ̀n tó ti HDL àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ̀nyẹn wálẹ̀ ní 1988 gẹ́lẹ́ ni. Ẹni tó ń lo ìgò mẹ́ta yìí kò sì rò pé òun ń ṣe àṣejù, ó gbà pé òun ń tọ́jú ara òun ni.

Kálísíọ́mù ńkọ́? Tirẹ̀ dùn ún gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìfun, kálísíọ́mù máa ń dì mọ́ ọ̀rá, wọ́n á di ohun kan bí ọṣẹ, wọ́n á jọ bá ìgbẹ́ jáde. Ó tún máa ń mú omi òróòro dání lọ. Bí òróòro bá ń lọ, ẹ̀dọ̀ ní láti fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù láti inú ẹ̀jẹ̀ kó lè ṣe òmíràn. Ní 1993, wọ́n fi kálísíọ́mù púpọ̀ sínú oúnjẹ àwọn ọkùnrin 13 ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ọ̀rá tiwọn ti ga díẹ̀ tẹ́lẹ̀. LDL wọn wálẹ̀ ní ìdá 11 nínú 100. Wọ́n tún lọ wò ó lára àwọn tí ara wọn le. Ní ìlú Auckland, ní New Zealand, Ian Reid àti ikọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ní kálísíọ́mù gíráàmù kan lójúmọ́. Ìyá 223 ni wọ́n ṣe ìṣirò lé lórí. Lẹ́yìn ọdún kan, ní 2002, wọ́n kéde pé HDL àwọn ìyá náà lọ sókè ní ìdá 7, LDL wálẹ̀ ní ìdá 6. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Oògùn egungun tó tún ń fọ ọ̀rá!

Ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ikọ̀ Auckland kan náà ń ṣọ́ àwọn ìyá tó lé ní egbèje lọ fún ọdún 5, 1,471 ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n ka èsì rẹ̀ jáde ní 2008, àwọn tó ń lo kálísíọ́mù ló ròyìn àrùn ọkàn òjijì jù. Ohun tí wọ́n ń retí kọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kún un, ìyàtọ̀ náà kò fẹjú tó bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn onímọ̀ mìíràn sì ti takò ó láti ìgbà náà, pé kálísíọ́mù kò pa ọkàn lára. Àwa kò ní bá wọn jà á. Ohun tó dájú ni pé ọ̀rá tó gún régé lórí ìwé kò so èso tí wọ́n rò. Ikọ̀ yìí tún wá dán an wò lára àwọn ọkùnrin 323 tí ara wọn le, ọdún méjì gbáko, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò mì. Mo bu ọlá fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí gan-an, torí pé àwọn fúnra wọn ló sọ ìròyìn ayọ̀, àwọn náà ló tún sọ èyí tó ba ìròyìn ayọ̀ náà jẹ́.

Sẹ̀lẹ́níọ́mù, èròjà mìíràn tí ara ń lò ní bíńtín, òun náà jọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní púpọ̀ nínú rẹ̀, pàápàá látìgbà tí wọ́n ti dín àlìkámà tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà àti Kánádà kù. Ní 2011, wọ́n gbé èsì jáde lórí àwọn àgbàlagbà 501 níbẹ̀, ọmọ ọdún 60 sí 74, tí wọ́n fún ní sẹ̀lẹ́níọ́mù fún oṣù 6. Àwọn tó lo 100 tàbí 200 máíkírógíráàmù lójúmọ́, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn wálẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ara wọn ti ń pòùngbẹ èròjà náà tẹ́lẹ̀ nìyẹn o. Irú ìwádìí yìí kan náà wáyé ní Dẹ́ńmáàkì, ọdún 5 ni wọ́n fi lo tiwọn. Nígbà tí wọ́n padà lọ kà wọ́n lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn tó lo 300 lójúmọ́ ló kú jù.

Ti krómíọ́mù kò ní gbà wá lákòókò. Ìwádìí kékeré kan jáde ní 1990 lórí ènìyàn 28, LDL wálẹ̀, ni àwọn oníṣòwò bá gbé e, wọ́n ń fi polówó kiri. Ní 1996, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dá ààbò bo oníbàárà, fẹ̀sùn kan àwọn tó ń tà á pé ẹ̀rí tó gbé ìpolówó wọn ró kò sí, tó fi mọ́ ìpolówó pé ó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Magnẹ́síọ́mù ńkọ́? Wọ́n ti kó ìwádìí rẹ̀ jọ, lápapọ̀ ọ̀rá kò yí padà. Irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀? Aláìlẹ́jẹ̀ ni kó lò ó. Ọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé tó ń mu ún torí ọ̀rá ń da owó nù.

Áyódìn ni mo fẹ́ fi ya àwòrán ọ̀rọ̀ mi fún yín. Ẹni tí áyódìn dín lára rẹ̀ gidigidi, ẹ̀yà ara tó wà lọ́rùn, èyí tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, kò ní lè ṣe hòmóònù rẹ̀ tó. Hòmóònù yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ máa fa LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá dín, LDL á gòkè. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí áyódìn jẹ, ọ̀rá rẹ̀ lè wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi iyọ̀ oní-áyódìn se ọbẹ̀ láti ọdún yìí wá, àfikún kóró áyódìn kò ní ohun tó máa tún ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tí wọ́n ń sọ nínú ọkàn wọn pé, "Apòògùn, èmi lò ó, ó sì ṣiṣẹ́." N kò pè yín ní òpùrọ́. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ẹnì kan náà máa ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì láìlo ohunkóhun. Ọjọ́ tó bá ga jù ni a máa ń sáré lọ ra oògùn. Nígbà tí a bá fi padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti padà sí bó ṣe máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹni tí wọ́n bá dẹ́rù bà ní láàbù kì í ra oògùn nìkan. Á dín ẹran ọlọ́ràá kù, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀, á rọra ṣe pẹ̀lú búrẹ́dì oní-bọ́tà. Ìgò ló wá ń gba ìyìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi máa ń fún apá kan ní oògùn òfìfo tó jọ ojúlówó, kí ẹnikẹ́ni má mọ èwo lòun ń lò títí wọ́n á fi ṣírò rẹ̀ tán.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà NAFDAC ara ìgò tàn yín jẹ níbi tí kò ti ṣe é. Ó ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àgbo àti oògùn àfikún, gbólóhùn kan tún wà níbẹ̀ pé NAFDAC kò tí ì ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Ẹ kà á. Bákan náà ni òróró tí wọ́n kọ "kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù" sí lára: kò sí òróró ewéko kankan tó ní in tó nǹkan. Epo pupa náà kò ní in, síbẹ̀ nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń gbé LDL sókè. N kò ní kí ẹ má jẹ epo o. Mo ní kí ẹ má bù ú bí omi.

Ohun tó ń dín LDL kù wà, a mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wà, òòtì, ewébẹ̀ àti èso tó ní okùn oúnjẹ (fáíbà) tó ń yọ́ nínú omi. Ọ̀rá ẹran tó dín kù. Bí ó bá sì ga débi pé dókítà kọ̀wé sí i, oògùn tí wọ́n ń pè ní statin, tí ẹ̀rí rẹ̀ dúró gbọin. Láti 1992 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ti ń fi àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis, torí àrùn ìgbàgbé ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn ará Ìdíkàn kéré gan-an sí ti àwọn ará Indianapolis. Àwọn tó kọ̀wé nípa wọn sọ pé ọkà, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹja díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ jù, ọ̀rá inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa ti ń kúrò lórí oúnjẹ yẹn, a wá ń wá ohun tí a sọ nù kiri nínú ìgò.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ kọ ránṣẹ́ síwájú. Ìyá kan béèrè pé ṣé kí òun dá kálísíọ́mù tí dókítà kọ fún egungun òun dúró. Rárá, Mọ́mì. Egungun ni wọ́n torí ẹ̀ kọ ọ́, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dá ohunkóhun dúró. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn gẹ̀gẹ̀, ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́rin wà láàárín méjèèjì, torí kálísíọ́mù kì í jẹ́ kí ara gba oògùn náà dáadáa.

Ìyàwó ilé kan ní, níwọ̀n bí síńkì ti rí báyìí, ṣé kí òun da èyí tí wọ́n fún ọmọ òun nù? Ọmọ náà ń ṣu gbuuru, wọ́n fi síńkì kún omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ní kó máa mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Ní 2004, WHO àti UNICEF ní kí wọ́n máa fún ọmọ tó bá ń ṣu gbuuru ní síńkì 20 mìlígíráàmù lójúmọ́, 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, fún ọjọ́ 10 sí 14. Síńkì ń bá ìgbẹ́ gbuuru jáde lára ọmọ, ó ń ṣàìtó sí i lóòótọ́, ọjọ́ rẹ̀ sì níye. Bí ìgbẹ́ bá dá lọ́jọ́ kẹta, ẹ ṣì fún un títí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín yóò fi pé.